Wáyà Kan, Èdè Púpọ̀: Bí Àwọn Ẹ̀rọ Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Bára Wọn Sọ̀rọ̀ Lórí Ethernet

Ẹnì kan ra ẹ̀rọ méjì fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní ihò onígun mẹ́rin tí a máa ń ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Wọ́n kọ "Ethernet" sára èkíní, wọ́n kọ ọ́ sára èkejì. Ó so wọ́n pọ̀, iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó ń ṣẹ́jú, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n èkíní kò gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ. Ó pààrọ̀ wáyà, wọn ò gbọ́ ara wọn. Ó pa iná, ó tún un tàn, pàbó ló já sí. Níkẹyìn ó pe ẹni tó tà á fún un, ó ní ẹrù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé fún òun.

Ẹrù náà ò bàjẹ́. Mo ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibi kan náà ló sì máa ń já sí. Àwọn èèyàn rò pé èdè ni Ethernet. Kì í ṣe èdè, ọ̀nà ni. Iná aláwọ̀ ewé yẹn ń sọ fún wa pé ọ̀nà là. Kò sọ pé àwọn tó pàdé lójú ọ̀nà gbédè ara wọn. Bí ẹni tó ń sọ Yorùbá bá pe ẹni tó ń sọ èdè Jàpáànù lórí fóònù, fóònù á dún, ohùn á mọ́ gaara, síbẹ̀ wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Kò sẹ́ni tó máa di ẹ̀bi ìyẹn ru fóònù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí Ethernet jẹ́ gan-an. Robert Metcalfe ló kọ èrò náà sílẹ̀ ní 1973 ní ibùdó ìwádìí Xerox tó wà ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà. Òun àti David Boggs ni wọ́n jọ kọ́ èyí àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún, pàápàá kí púpọ̀ nínú wọn lè jọ máa lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Nígbà tó di 1983, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ti sọ ọ́ di òfin tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 802.3. Òfin náà sọ irú wáyà tí a máa lò, ó sọ bí iná ṣe máa gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì sọ bí ìdì tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó máa gbà á ló ṣáájú, ti ẹni tó fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni báìtì méjì (báìtì ni a fi ń wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà) tó ń sọ irú ẹrù tó wà nínú ìdì, lẹ́yìn náà ẹrù fúnra rẹ̀, tí kì í ju báìtì 1,500 lọ, àti báìtì mẹ́rin níparí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohunkóhun yí padà lójú ọ̀nà. Ó parí síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá kó sínú ìdì kò kan Ethernet rárá.

Ẹ fi báìtì méjì àárín yẹn sọ́kàn. A ó padà bá wọn.

Kí Ethernet tó wọ ilé-iṣẹ́, wáyà tirẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń kíyè sí nǹkan tàbí tó ń wọ̀n ọ́n, máa ń ní. Sẹ́ńsọ̀ 200 túmọ̀ sí wáyà 200 tó ń ti orí pápá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù iná. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ jáde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní PLC; ti ilé-iṣẹ́ Modicon, tí Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní 1979, Modicon yìí kan náà gbé èdè kan jáde, Modbus, kí wáyà kan lè gbé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ará Jámánì ṣe PROFIBUS ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe DeviceNet ní àwọn ọdún 1990. Kálukú ló ní wáyà tirẹ̀, kálukú ló ní ihò tirẹ̀, tí ojú fi lè rí i láti òkèèrè pé ẹ̀rọ yìí àti ẹ̀rọ yẹn kò lè jọ ṣiṣẹ́.

Ethernet wá di ohun tó wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì yára ju gbogbo wọn lọ. Ni gbogbo wọn bá kó wá sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Modbus kó wá, ó di Modbus TCP. Àwọn tó ni PROFIBUS ṣe PROFINET. Èdè tí DeviceNet ń sọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CIP, di EtherNet/IP. Ìwé òfin àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní IEC 61158, tó yẹ kó so gbogbo wọn pọ̀. Inú ìwé kan ṣoṣo náà ni wọ́n to ọ̀pọ̀ èdè tí kò gbọ́ ara wọn sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ohun tó yí padà ni pé ihò gbogbo wọn ti wá bára mu. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ojú kò lè dá wọn mọ̀ mọ́.

Yíyára nìkan kọ́, àsìkò ni

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí wọn ò kàn lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì bó ṣe wà. Ó gbé fíìmù, ó gbé ìpè fóònù, ṣé nọ́ńbà kékeré tí sẹ́ńsọ̀ kan ní ni kò ní lè gbé?

Ẹ wo bẹ́líìtì kan tó ń gbé ìwé lọ ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sẹ́ńsọ̀ rí àmì lára ìwé, ó sọ fún olùdarí, olùdarí sì ní kí ọ̀bẹ gé e. Ká ní ọ̀rọ̀ náà pẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 10 lójú ọ̀nà, ìyẹn ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ọ̀bẹ tó balẹ̀, ìwé ti sún sẹ́ńtímítà 2 kọjá. Ẹni tó gbọ́ èyí á ní ó yẹ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mílísẹ́kọ́ǹdì 10 náà ni ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ ní gbogbo ìgbà, tí kì í lé, tí kì í dín, a kàn máa gbé ọ̀bẹ síwájú ní sẹ́ńtímítà 2 ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kó pẹ́ 10 lẹ́ẹ̀kan, kó pẹ́ 3 lẹ́ẹ̀kejì, kó pẹ́ 17 lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé kìíní á ṣe wẹ́kú, èkejì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀kẹta á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọ̀bẹ sí tó máa tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pípẹ́ kan àti pípẹ́ mìíràn yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní jitter. Òun ni ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ tó lọ́ra ṣùgbọ́n tí kì í yẹ àdéhùn sàn fún ẹ̀rọ ju èyí tó ń yára lónìí tó ń falẹ̀ lọ́la.

Ethernet àtijọ́ kò sì mọ àdéhùn. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló jọ wà lórí wáyà kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dẹtí sílẹ̀ ná, bí ibẹ̀ bá dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì á dákẹ́, kálukú á dúró fún ìwọ̀n àsìkò kan tó kàn mú láìlétò, á sì tún gbìyànjú. Bí ìgbìyànjú bá kùnà nígbà 16, á jáwọ́. Ọ́fíìsì lè fara da ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí ìwé ìtẹ̀wé bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́. Apá rọ́bọ́ọ̀tì kò lè fara dà á.

Swíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àpótí tí wáyà gbogbo ẹ̀rọ ti ń pàdé, ló mú ìkọlù kúrò, nítorí pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti wá ní ọ̀nà tirẹ̀ dé ìdí swíìṣì, lílọ lọ́tọ̀, bíbọ̀ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, ìlà ṣì wà. Lórí wáyà tó ń gbé mílíọ̀nù bíìtì 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdì tó gùn jù lọ ń gba nǹkan bí ìdá 123 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá kó tó kọjá tán. Bí ọ̀rọ̀ kékeré tó jẹ́ kánjúkánjú bá bọ́ sẹ́yìn irú ìdì bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó dúró. Bí ó bá gba swíìṣì mẹ́wàá kọjá, ó lè dúró nígbà mẹ́wàá, ó sì lè má dúró rárá. Jitter tún ti wọlé.

TCP náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. TCP ni olùránṣẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì gbẹ́kẹ̀ lé: bí ìdì kan bá sọnù, á tún un fi ránṣẹ́, á sì dá àwọn tó tẹ̀ lé e dúró títí èyí tó sọnù á fi dé. Ohun tó dára gan-an ni fún ìwé àti àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ ro mọ́tò oníná tó ń fẹ́ mọ ibi tó yẹ kóun wà nísinsìnyí. Kí ni yóò fi ibi tó yẹ kó wà ní mílísẹ́kọ́ǹdì 200 sẹ́yìn ṣe? Ọ̀rọ̀ àná ni. Ó sàn kí ó pàdánù ìyẹn, kí tuntun bá a. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn èdè ilé-iṣẹ́ kì í fi TCP gbé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, kódà nígbà tí wọ́n bá ń lò ó fún nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá ti di èyí mú, àwọn orúkọ tó kù kò ní dẹ́rù bà yín mọ́. Ọ̀nà tí èdè kọ̀ọ̀kan gbà dá ìbéèrè àsìkò yìí lóhùn ló mú wọn yàtọ̀ síra.

Àwọn èdè náà

Modbus TCP kò dá a lóhùn rárá, kò sì tijú. Ó mú èdè 1979, ó kó o sínú TCP, ó gba ẹnu ọ̀nà nọ́ńbà 502 (port, nọ́ńbà tó ń sọ irú iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ wá bá nínú ẹ̀rọ), ó parí. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè á ní, "Ka àpótí nọ́ńbà 10 sí 15 fún mi," ẹni tí wọ́n bi á kà á. Àpótí níbí ni àyè tí ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà kan pamọ́ sí. Iṣẹ́ nọ́ńbà 3 ni kíkà, nọ́ńbà 6 ni kíkọ sínú àpótí kan, nọ́ńbà 16 ni kíkọ sínú ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn kò lè ka ju àpótí 125 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ pírógíráàmù díẹ̀ lè kọ ọ́ láàárín ọjọ́ kan, ìdí nìyẹn tó fi wà lára ọ̀pọ̀ mítà iná, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ atútù ilé-iṣẹ́. Omi inú táńkì kì í fò sókè láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì kan, nítorí náà Modbus TCP tó o.

Ohun méjì ló ń fìyà jẹ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìkíní ni pé ìwé ẹ̀rọ á ní àpótí 40001, ṣùgbọ́n nínú ìdì, 0 ni àpótí kan náà ń jẹ́, torí náà nọ́ńbà yín á máa fi ẹyọ kan yẹ̀. Èkejì ni pé báìtì méjì péré ló wọ inú àpótí kan, nọ́ńbà tó ní ẹsẹ̀ ìdá, bíi 21.5, sì sábà máa ń gba àpótí méjì. Modbus kò sọ èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì. Bí ẹ bá rí i tí ìgbóná inú yàrá di ohun tó ju ti oòrùn lọ, ẹ yí àpótí méjèèjì padà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

EtherNet/IP ni orúkọ rẹ̀ ń da èèyàn lójú rú jù lọ, n ò sì dá ẹnikẹ́ni tó bá ṣì í gbọ́ lẹ́bi. IP tó wà níbẹ̀ kì í ṣe IP inú àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì. "Industrial Protocol" ni, ìyẹn ìlànà ti ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "Ethernet" sí lára, tó sì ní àdírẹ́ẹ̀sì IP, kò tíì di EtherNet/IP. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ CIP. Ẹgbẹ́ ODVA ló ń tọ́jú ìlànà náà, Rockwell Automation sì ni ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa rí i lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Ọ̀nà méjì ló ń gbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò kánjú, bíi yíyí ètò ẹ̀rọ padà tàbí bíbéèrè ohun tó ń ṣe é, ń gba orí TCP lọ sí ẹnu ọ̀nà 44818. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an ń gba orí UDP, olùránṣẹ́ tí kì í tún ohun tó sọnù fi ránṣẹ́, lọ sí ẹnu ọ̀nà 2222, láìsí ìbéèrè: olùdarí àti ẹ̀rọ ti ṣàdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé ní gbogbo mílísẹ́kọ́ǹdì 10, fún àpẹẹrẹ, kálukú á ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta. Bí ọ̀kan bá sọnù, èyí tó ń bọ̀ á rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá sọnù tẹ̀léra, ẹni tó ń dúró á gbà pé ẹnìkejì òun ti kú, á sì gbé ẹ̀rọ lọ sí ipò tí wọ́n ti yàn fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

PROFINET, tí ilé-iṣẹ́ Siemens ti Jámánì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, ṣe ohun tó yàtọ̀. Ó fi TCP/IP sílẹ̀ fún ètò àti àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò gba ibẹ̀ rárá. Ó kó o tààrà sínú ìdì Ethernet láìsí àdírẹ́ẹ̀sì IP lára rẹ̀, ó sì lẹ àmì kánjúkánjú mọ́ ọn kí swíìṣì lè fún un láyè kọjá ṣáájú àwọn tó kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ti gbọ́dọ̀ yí papọ̀ bí ẹni kan, irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní IRT: gbogbo swíìṣì á mú aago wọn dọ́gba, wọ́n á sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Jitter rẹ̀ kì í pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀gbẹ́ kejì owó náà ni pé ìdì tí kò ní IP kò lè gba router, ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn, kọjá. Abẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà.

Orúkọ ni PROFINET fi ń mọ ẹ̀rọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Mo jìyà kí n tó mọ èyí. A pààrọ̀ ẹ̀rọ kan tó jóná ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo fún tuntun ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tí ti àtijọ́ ní, mo pè é láti orí kọ̀ǹpútà mi, ó dáhùn. Síbẹ̀ olùdarí ní òun kò rí i. Mo lo bíi wákàtí mẹ́ta lórí wáyà àti swíìṣì tí kò ní ẹ̀sùn kankan. Olùdarí kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà tí mo fún un. Ohun tó ń pariwo sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, "Ta ló ń jẹ́ báyìí-báyìí?" ẹ̀rọ tuntun tí kò tíì ní orúkọ sì dákẹ́, torí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Mo kọ orúkọ ti àtijọ́ fún un, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

EtherCAT ló wù mí jù nínú gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Beckhoff ti Jámánì ló gbé e jáde ní 2003. Àwọn tó ṣe é wo ìfiṣòfò kan tí àwọn yòókù ń fojú fò. Ìdì Ethernet kò gbọdọ̀ kéré sí báìtì 64, bí a bá sì ka àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdì kan àti èkejì mọ́ ọn, ó ń gba àyè báìtì 84 lórí wáyà. Sẹ́ńsọ̀ kan lè ní báìtì méjì péré láti sọ. Bí sẹ́ńsọ̀ 100 bá fi báìtì méjì-méjì ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, báìtì 8,400 ló kọjá lórí wáyà nítorí báìtì 200 tó wúlò.

Èrò EtherCAT ni pé kí olùdarí fi ìdì kan ṣoṣo ránṣẹ́, kí ó máa gba inú gbogbo ẹ̀rọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú ìdì náà. Bí ìdì ṣe ń ṣàn kọjá lára rẹ̀, kò dá a dúró. Ó ka báìtì tó jẹ́ tirẹ̀, ó fi èsì tirẹ̀ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, nígbà tí iwájú ìdì náà ti dé ara ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Kì í gba gbogbo rẹ̀ kó tó kà á, kì í kà á tán kó tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà ní ìparí ìlà á dá a padà, á sì gba inú wáyà kan náà padà sọ́dọ̀ olùdarí. Gbogbo ẹ̀rọ ti gbọ́ àṣẹ, gbogbo wọn ti jábọ̀, nínú ìrìnàjò kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kékeré kan tún wà nínú ìdì náà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fi kún bó bá ti ṣe ipa tirẹ̀. Bí ìdì bá padà dé tí nọ́ńbà náà kò pé, olùdarí ti mọ̀ pé ẹnì kan kò jẹ́ ìpè.

Irú iṣẹ́ yìí kọjá agbára ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán, nítorí náà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù tí wọ́n ṣe fún un. Olùdarí nìkan ló lè lo ihò kọ̀ǹpútà lásán. Àwọn ẹ̀rọ náà tún ń mú aago wọn dọ́gba títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ní pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, kí gbogbo mọ́tò lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdì dé ara ọ̀kan ṣáájú èkejì. Lórí bẹ́líìtì wa tó ń sáré mítà 2, ìyàtọ̀ yẹn kò tó ìdá méjì nínú 1,000 mìlímítà kan.

Àwọn mìíràn ṣì wà. POWERLINK, tí ilé-iṣẹ́ B&R ti Austria bẹ̀rẹ̀ ní 2001, jẹ́ kí olùdarí máa pe ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ la ẹnu títí wọ́n á fi pè é. SERCOS III wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ mọ́tò, CC-Link IE sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Jàpáànù. Ìbéèrè àsìkò yẹn náà ni gbogbo wọn ń dáhùn.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èwo ló dára jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ti yàn kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń yàn. Bí olùdarí yín bá jẹ́ ti Siemens, PROFINET ni yóò rọ̀ yín lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ti Rockwell, EtherNet/IP ni. Bó bá jẹ́ ti Beckhoff, EtherCAT. Ẹ̀rọ ògbufọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní gateway, tó ń gbọ́ èdè méjì, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ máa ń fi àsìkò kún ọ̀rọ̀, ohun kan ló sì tún jẹ́ tó lè bàjẹ́ ní òru. Ẹni tó bá lè yẹra fún un, kó yẹra.

Ààbò méjì tí a fi orúkọ kan pè

Yorùbá ń pe ohun méjì ní ààbò, ibí yìí sì ni a ti gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ̀rọ má pa èèyàn lára. Èkejì ni kí èèyàn má wọlé ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ní ètò tó ṣeé fọkàn tán. PROFIsafe wà fún PROFINET, CIP Safety wà fún EtherNet/IP, FSoE wà fún EtherCAT. Ohun kan náà ni gbogbo wọn gbà: pé wáyà kò ṣeé gbára lé. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ìdádúró á ní nọ́ńbà ìtẹ̀léra àti àmì àyẹ̀wò tirẹ̀ nínú ìdì, aago kan á sì máa kà. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, tó yí padà, tó pẹ́, tàbí tó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, ẹ̀rọ á dúró. Kò ní béèrè ìdí.

Ti èkejì ló ń kó ìdààmú bá mi. Modbus TCP kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Kò tilẹ̀ ní àyè tí èèyàn lè kọ ọ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè dé ẹnu ọ̀nà 502 lè ka àpótí, ó sì lè kọ ohun tó wù ú sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á ṣe é, torí ní 1979 kò sẹ́ni tó ń rò pé àjèjì lè dé ìdí wáyà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nínú òtútù, àwọn kan fi pírógíráàmù tí wọ́n wá sọ lórúkọ ní FrostyGoop bá àwọn olùdarí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sọ̀rọ̀ ní ìlú Lviv, ní orílẹ̀-èdè Ukraine. Modbus TCP lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé gbígbé tó lé ní 600 wà láìsí ìgbóná fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Àwọn olùdarí náà kò ṣàìgbọràn, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe.

Àtúnṣe ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Modbus kan wà báyìí tó ń fi TLS, ìlànà tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹnu ọ̀nà 802, ODVA sì ní CIP Security. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ máa ń pẹ́ ju fóònù lọ, ó lè lo 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó sì wà lórí pápá báyìí kò mọ àwọn nǹkan tuntun wọ̀nyí. Nítorí náà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì, kí ògiri iná (firewall), tó ń dí àjèjì lọ́nà, wà láàárín wọn, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí 502 kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì láé.

Nǹkan méjì ṣì wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. TSN ni àkójọ òfin tuntun tí ẹgbẹ́ IEEE ń fi kún Ethernet fúnra rẹ̀, kí swíìṣì lè ní aago àti ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì ní àsìkò. Ìyẹn ni pé ọ̀nà náà á wá mọ àdéhùn, dípò kí èdè kọ̀ọ̀kan máa dá ọgbọ́n tirẹ̀. OPC UA ní tirẹ̀ kì í kàn sọ nọ́ńbà, ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: pé 72 yìí jẹ́ ìgbóná, pé ti táńkì kejì ni, pé Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì (Celsius) ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Òun ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n lò níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sọ̀rọ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ra ẹ̀rọ méjì. Mo sọ fún un pé kó gbé Wireshark, pírógíráàmù tó ń fi ìdì tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó sì so kọ̀ǹpútà náà àti ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ swíìṣì kan náà. Kó wá wo báìtì méjì àárín tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bó bá rí 0x8892, PROFINET ni. Bó bá rí 0x88A4, EtherCAT ni. Bó bá rí 0x0800, IP ni, kó wá wo nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà: 502 jẹ́ Modbus, 44818 tàbí 2222 jẹ́ EtherNet/IP. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan tó fi rí 0x8892. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, olùdarí, ń fi PROFINET pariwo orúkọ kan sórí wáyà lemọ́lemọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. A wo ìwé ẹ̀rọ kejì: Modbus TCP nìkan ló gbọ́. Láti ìgbà tó ti tan iná ni ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà 502, tó ń dúró kí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè.